Muhammad Shitta Bey, Sérìkí Mùsùlùmí Èkó: Kí Ni Olówó Tún Ń Wá Lọ́jà?

 

 Ìgbìmọ̀ ní kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan sínú ìwé yìí, ẹni tí ó ti kọjá lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ tí a pé jọ lé lórí lónìí mu. A rò ó títí, a sì mú Muhammad Shitta, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Shitta Bey, kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹ. Ìdí tí a fi mú un kì í ṣe nítorí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí a ń gbé káàdì ìkówójọ kiri nítorí iṣẹ́ yìí, a dé ìsọ̀ bàbá kan lálẹ́ ọjọ́ kan. A ti kí ìrun Ìṣáì tán. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ ti di ẹni ńlá, kò sí ohun tí ó kù tí kò ní. Síbẹ̀, a bá a níbi tí ó ti jókòó ti àtùpà, tí ó fi gíláàsì sójú, tí ó ń ka ìwé òwò rẹ̀ lójú ewé lójú ewé. Ó fún wa lówó, ó ní kí a má kọ orúkọ òun, ó sì tún dojú kọ ìwé rẹ̀. Bí a ti jáde ni ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, tí ó béèrè pé kí ni bàbá yìí ṣì ń wá kiri tí kò lọ sinmi. Ẹlòmíràn ní ìfẹ́ ayé ni, kò sí ohun méjì. A kò ní purọ́, àwa tí a ń kọ̀wé yìí náà mi orí sí i. Ó rọrùn fún àwa olùkọ́ ilé-kéwú láti bá olówó wí, nítorí pé ìdánwò owó kò tíì kan ilẹ̀kùn tiwa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìgbà tí a wá jókòó ti ìtàn Shitta Bey ni a rí i pé ìdáhùn tí a sáré mú lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò kún tó.

Ní 1824 ni wọ́n bí Muhammad Shitta ní Waterloo, ní ilẹ̀ Sàró. Salu ni orúkọ bàbá rẹ̀, Aishat ni ìyá rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Ogun àti òwò ẹrú ni ó gbé wọn kúrò nílé, kí ó tó di pé wọ́n gba òmìnira ní Sàró. Waterloo fúnra rẹ̀, abúlé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ olówó máa ń gbàgbé ibi tí olówó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bí sí ilé ẹrú tí ó gba òmìnira kò jogún oko, kò jogún ilé, kò sí ìdílé lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbé e ró. Ohun tí ó wà nílé wọn ni ẹ̀sìn, nítorí pé ìmàle ni Salu.

Ní 1831 wọ́n kó lọ sí Fourah Bay lẹ́bàá Freetown, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kóra jọ sí. Níbẹ̀ ni Salu ti di Lèmọ́mù wọn. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó dùn sí i. Ní ìlú náà nígbà yẹn, àwọn oníwàásù Kristẹni ni ó ni ilé-ìwé, àwọn ni ìjọba sì ń gbọ́ tiwọn. Gómìnà Doherty fẹ́ kí a lé àwọn ìmàle kúrò ní Fourah Bay, nígbà tí ó sì di 1839 wọ́n ba mọ́ṣáláṣí wọn jẹ́. Ọmọ ọdún 15 ni Shitta nígbà náà, bàbá rẹ̀ sì ni Lèmọ́mù jamáà tí ó ń kírun níbẹ̀.

Kò sí olùkọ́ kéwú tí kò mọ ohun tí ọmọ ọdún 15 lè gbé sọ́kàn. Ohun tí a bá kọ́ ọ ní ọjọ́ orí yẹn, kì í lọ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn sọ́kàn títí a ó fi dé ìparí ìtàn.

Àwọn Sàró ti ń ra ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ti ń wá ọ̀nà padà sí ilẹ̀ bàbá wọn láti 1839. Ní 1844, Salu kó ìyàwó àtọmọ, òun àti àwọn ìmàle mìíràn, wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Salu fi jáde láyé. Ẹrù ilé wá bọ́ sí ọrùn àwọn tí ó kù. Ní December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọ̀nà Èkó là fún àwọn Sàró, púpọ̀ nínú wọn ṣí kúrò ní Àgbádárìgì. Shitta wà lára àwọn tí ó wá sí Èkó, òwò ni ó sì mú ṣe.

Kí ni ó ń tà? Aṣọ àti ẹrù Òyìnbó ni ó ń kó lọ sí òkè. Awọ ẹran, ẹ̀gúsí, oje igi àti obì ni ó ń bá bọ̀, àwọn kọ́mpìnnì Manchester sì wà lára àwọn tí ó ń bá dòwò pọ̀. Ọ̀rọ̀ obì yìí ní ohun tí ó dára nínú. Àwọn Mùsùlùmí Tápà àti Haúsá kì í mu ọtí, obì gbànja ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, òun ni wọ́n fi ń so yìgì, òun ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Gbànja nígbà náà sì ń ti Sàró àti ilẹ̀ Gold Coast wọ Èkó láti ojú òkun. Ẹni tí wọ́n bí ní Sàró, tí ó ń gbé Èkó, tí ó jẹ́ ìmàle, mọ ẹni tí yóò tà á, ó sì mọ ẹni tí yóò rà á. Ohun tí ayé fi jẹ Salu níyà ni Ọlọ́run sọ di ọ̀nà ọlà fún ọmọ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1860, Shitta gba Odò Ọya lọ sí ilẹ̀ Tápà. Egga ni ibùdó òwò ńlá níbẹ̀ nígbà náà, àṣẹ Bida ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sìn kan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú àwọn ìjòyè Bida, èyí sì jẹ́ kí wọ́n lè fọkàn tán an. Ẹ má rò pé ìrìn àjò ìgbádùn ni. Ibà ń pa Òyìnbó àti ènìyàn dúdú lójú odò yẹn, ogun wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọkọ̀ ẹlẹ́èéfín kò sì lè gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà. Níbẹ̀ ni Shitta ti di ọlọ́rọ̀. Àwọn ará Èkó fún un ní ìnagijẹ, wọ́n ń pè é ní Olówó Pupa.

Ibí ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti lówó. Kí ló dé tí kò padà wá sí Èkó kí ó jókòó sórí àga, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀?

Àwọn tí kò ṣòwò rí, bí irú tiwa, máa ń rò pé inú àpótí kan ni owó olówó wà, tí ó ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí òwò Odò Ọya ṣe rí nìyí: oníṣòwò ńlá yóò gba ẹrù lọ́dọ̀ kọ́mpìnnì Òyìnbó láwìn. Òun náà yóò fi àwìn fún àwọn alárobọ̀ tí yóò gbé e wọ ìgbèríko. Àwọn yẹn yóò tún pín in fún àwọn tí ó kéré sí wọn. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni awọ àti ẹ̀gúsí yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀, a ó kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, a ó sì tún dúró de iye tí wọ́n bá tà á lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní olówó, ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni owó náà wà. Bí ó bá dáwọ́ dúró lójijì, kì í ṣe ìsinmi ni ó mú, gbèsè ni ó tú sílẹ̀ sórí àwọn alárobọ̀, àwọn atukọ̀, àwọn alábàárù àti àwọn akọ̀wé, àti ilé àwọn tí ó ń jẹun lábẹ́ wọn. Nítorí náà, kí a tó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníwọra, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè iye ìkòkò tí yóò kúrò lórí iná bí ó bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀.

Àwa kò sọ pé èyí nìkan ni. Ẹ̀rù òṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ọmọ ẹni tí wọ́n ti tà rí kì í gbàgbọ́ tán pé òun ti bọ́. Ìdíje náà wà níbẹ̀. Èkó nígbà náà kún fún àwọn ọlọ́rọ̀ Sàró tí wọ́n jẹ́ Kristẹni, irú J. P. L. Davies àti R. B. Blaize. Àwọn ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé Òyìnbó, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ga, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dé etí gómìnà. Ìmàle pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ìmàle tí wọ́n lè bá wọn jókòó lórí tábìlì kan náà kò pọ̀. Ó ṣòro kí Shitta má mọ̀ pé bí òun bá sinmi, àyè òun yóò ṣófo níbẹ̀, kì í ṣe àyè òun nìkan, àyè gbogbo jamáà.

Àwọn Sàhábà tí ó lówó náà kò fi ọjà sílẹ̀. Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mẹ̀dínà láìní nǹkan kan, ọ̀nà ọjà ni ó kọ́kọ́ béèrè, ó sì ṣòwò títí ó fi di ọlọ́rọ̀. Uthman ọmọ Affan, owó òwò ni ó fi ra kànga Ruma fún àwọn Mùsùlùmí. Bí wọ́n bá ti sinmi lọ́jọ́ tí oúnjẹ ilé tiwọn ti tó, kànga náà ì bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta omi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Shitta. Ní 1886, Ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kọ́mpìnnì tí George Goldie ń darí ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Royal Niger Company. Láti ọjọ́ yẹn, kọ́mpìnnì kan ṣoṣo di oníṣòwò, ó di oníbodè, ó sì di adájọ́ lójú odò. Owó ìwé àṣẹ, owó ibodè ìwọlé, owó ibodè ìjáde, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn oníṣòwò dúdú lórí títí tí èrè kò fi sí mọ́. Àwọn ará Brass, tí òwò wọn kú nítorí òfin yìí, kógun lọ bá kọ́mpìnnì náà ní Akassa ní January 1895. Ẹni ọdún 62 ni Shitta nígbà tí ìwé àṣẹ náà jáde. Bí ó bá jẹ́ pé àwáwí ni ó ń wá láti fẹ̀yìn tì, àwáwí dé. Ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí.

Ìgbà tí ọ̀nà ń dí yìí gan-an ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀. Ó ti ń fi owó ran ẹ̀sìn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Èkó sì ti fi í jẹ Sérìkí Mùsùlùmí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà ní Èkó. Ó ní òun yóò kọ́ mọ́ṣáláṣí fún ìlú, ìnáwó òun nìkan. Ó gba João Baptista da Costa, ọmọlé Àgùdà tí ó mọ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Brazil, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe iṣẹ́ Rẹ̀: ọmọ ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ní Sàró gbé iṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ ọnà wọn ti ilẹ̀ ẹrú ní Brazil wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni ó bá a lọ, ní ayé ìgbà tí akọ̀wé ń fi oṣù púpọ̀ wá pọ́n-ùn díẹ̀. Ọdún 1892 ni a ń kà sí ọdún ìdásílẹ̀ mọ́ṣáláṣí náà. Ní àkókò kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní Freetown. Nígbà tí àwọn ará Fourah Bay ń kọ́ mọ́ṣáláṣí wọn, tí wọ́n ń pè ní Jamiul Atiq, Shitta wà lára àwọn tí ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé a ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Fourah Bay sọ́kàn. Lójú tiwa, ẹni tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí àdúgbò tí wọ́n ti ba mọ́ṣáláṣí bàbá rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kì í ṣe owó ni ó ń lé láti ọjọ́ yìí wá. Owó ni ó fi ń lé nǹkan mìíràn. Irú ìlépa bẹ́ẹ̀ kì í sì ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé oyè ni ó ń wá, pé ṣekárími ni. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ àníyàn ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìṣirò ọdún yóò rí i pé mọ́ṣáláṣí ni ó kọ́kọ́ dúró kí oyè tó dé. Ní Ọjọ́rú, 4 July 1894, ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Edward Blyden wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ Kristẹni Èkó náà sì wá bá a yọ̀. Sultan Abdul Hamid Kejì, tí ó jẹ́ olórí ilẹ̀ Túúkì, rán Abdullah Quilliam wá láti Liverpool. Lọ́yà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Quilliam, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní 1887. Òun ni ó mú àmì-ẹ̀yẹ Medjidie, ipò kẹta, fún Shitta, pẹ̀lú orúkọ oyè Bey. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di Shitta Bey, orúkọ tí ẹbí rẹ̀ ṣì ń jẹ́ títí di òní.

Àmì-ẹ̀yẹ nìkan kọ́ ni Quilliam mú wá. Ó mú lẹ́tà Sultan tí ó gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n má sá fún ẹ̀kọ́ ìwé Òyìnbó. Àwa olùkọ́ kéwú mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó nígbà náà. Àwọn bàbá wa kò fẹ́ rán ọmọ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ní ìdí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó lọ ni a kò rí ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Ìjíròrò náà kò tán lọ́jọ́ ìṣílé. Ní 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, kí wọ́n lè kọ́ ìwé láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Bí àwa náà ṣe jáde ní ilé-kéwú tí a tún wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀nà tí wọ́n là nígbà yẹn ni a gbà.

Shitta Bey kò rí ilé-ìwé náà. Ọlọ́run Ọba pè é ní Ọjọ́bọ̀, 4 July 1895, ọdún kan gẹ́lẹ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ẹni ọdún 71 ni. Kọ́mpìnnì Goldie ṣì wà lójú Odò Ọya ní ọjọ́ náà pẹ̀lú gbogbo owó ibodè rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí 1900 wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ṣì dúró ní òpópónà Martins, ní àárín ọjà Èkó. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ní àsìkò ìrun Àsárì yóò bá bàtà àwọn oníṣòwò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìsọ̀ ni wọ́n ti wá, bí wọ́n bá sì ti sálámà tán, ìsọ̀ ni wọ́n ń padà sí.